Yìgì Wadha Kí Ọjọ́bọ̀ Tó Dé

                                        Ilé Abu Atala,
                                        Abúlé Rum,
                                        Jọ́dáànì.
                                        Ọjọ́ Ajé, 8 oṣù Kẹrin, 2019.

Tamam, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyá rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ kò dùn ún mọ́ tó bá ń gun àtẹ̀gùn? Bàbá rẹ ńkọ́, ṣé ó ti dé láti ojú òkun? Níbí, ara gbogbo wa le, àwọn ewúrẹ́ ti bímọ, ìyá mi sì ní kí n kí yín títí. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí nìkan ni ara mi kò balẹ̀. Mo jókòó, kò gbà mí. Mo dìde, kò gbà mí. Má wo bí ọwọ́ ìkọ̀wé mi ṣe wọ́, ìwọ náà mọ̀ pé kíláàsì kẹjọ ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Wadha ló sì mú fóònù wa lọ, ni mi ò fi pè ọ́.

Ọ̀rọ̀ Wadha ẹ̀gbọ́n mi náà ni. O mọ̀ pé Awad, àbúrò bàbá mi, ti ń pè é ní ìyàwó Hulayil ọmọ rẹ̀ láti ìgbà tí Wadha ti ń rákòrò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ránṣẹ́ pé òun àti àwọn àgbà ń bọ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ láti wá tọrọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Sayil, tó ń fi ọkọ̀ gbé àwọn òyìnbó káàkiri inú yanrìn, ni Wadha fẹ́. Ìwọ náà sì mọ ìṣe ilé wa. Bí Awad bá ti gbé ife kọfí kalẹ̀ níwájú bàbá mi, tó ní òun kò ní mu ún àfi tí wọ́n bá fún òun ní ohun tí òun bá wá, ọ̀rọ̀ bùṣe. Bàbá mi kò lè jẹ́ kí kọfí àbúrò rẹ̀ tutù lójú àwọn àgbà.

Ìdí nìyẹn tí Wadha fi wá bá mi nílé ìdáná. Ó ní bí àwọn òyìnbó tó ń wá ṣègbéyàwó ní àgọ́ àlejò wa ṣe ń ṣe é lòun fẹ́: èèyàn díẹ̀, àpáta, yanrìn, kò sí ìbọn yínyìn, kò sí ẹbí rẹpẹtẹ. Èmi ni mo sì mọ iṣẹ́ yẹn jù nílé wa, torí èmi ni bàbá mi máa ń rán lọ wá ibi tí afẹ́fẹ́ kò ti ní ṣí ìborí ìyàwó, tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ á sì sọ àpáta di pupa bí ẹyin iná.

Mo ní, "Ṣé ìwọ náà á wọ aṣọ funfun tó ń gbálẹ̀ yẹn ni?"

Ó ní, "Sabha, pa ẹnu ẹ dé, kóo wá ibì kan fún mi."

Mo wá a. Ẹnu àfonífojì tóóró tó wà lẹ́yìn kànga ni. Mo ro ibi tí a ó tẹ́ ẹní sí, mo ro ẹran ewúrẹ́ tí a ó sè nínú ihò yanrìn, mo ro àwọn tí yóò ṣe ẹlẹ́rìí. Orí mi ń wú. Ìgbà tí mo ro gbogbo rẹ̀ tán ni mo tó bi ara mi pé, àáfà wo ló máa so yìgì ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò fà á sílẹ̀ fọ́kọ? Àṣé mo ti fi tòyìnbó ṣe tiwa. Nígbà tí mo sọ fún Wadha, ó jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun, ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo ṣòfin náà.

Ọ̀nà kan ló kù, ọ̀nà àwọn ìyá wa àtijọ́: kó sá di àgbà kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń tà, kí onítọ̀hún sì wá bá a bẹ bàbá rẹ̀. Abu Mitib tó wà ní Disi la mú. Lánàá, bí bàbá mi ṣe kó àwọn òyìnbó lọ wo àpáta báyìí, a wọ ọkọ̀ Sayil. Àárín wọn ni mo jókòó sí kí ẹnikẹ́ni má bàa rí nǹkan wí. Sayil ń làágùn bí ẹni tó jí ràkúnmí gbé. Ìyàwó Abu Mitib mú Wadha wọ ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin, ó fi aṣọ ara rẹ̀ bò ó. Abu Mitib fúnra rẹ̀ kò bi wá ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbé aṣọ àwọ̀lékè rẹ̀ wọ̀, ó ní kí n wọ ọkọ̀ òun, ó di ilé wa.

Bàbá mi ti dé. Èmi àti ìyá mi wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, à ń yọjú. Bàbá mi gbọ́ pé ọ̀dọ̀ Abu Mitib ni ọmọ òun wà. Ó gbé ìkòkò kọfí, ó bu kọfí kún ife dé etí. Ìyá mi fọwọ́ bo ẹnu. Tamam, ife àkúndétí, fún Abu Mitib tó ti parí ìjà ẹlẹ́jẹ̀ láàárín ìdílé tó jù wá lọ. Ta ni kò mọ̀ pé "mu ún kóo máa lọ" ni ife tó kún ń wí?

Abu Mitib wò ó. Ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́, kò ta sílẹ̀. Ó ní, "O ṣeun, Abu Atala. Èyí pọ̀, á pẹ́ kó tó tutù. Mo sì ráyè."

Ó sì jókòó lóòótọ́. Ó sọ̀rọ̀ òjò tí kò rọ̀. Ó béèrè Atala ẹ̀gbọ́n mi tó wà níṣẹ́ ológun. Wọ́n jọ kírun Alásàrí, wọ́n tún padà wá jókòó ti ife yẹn. Eṣinṣin kan já sínú rẹ̀. Bàbá mi rí i, ojú tì í. Ìgbà náà ló da kọfí náà sí yanrìn, ó bu òmíràn, díẹ̀ báyìí ní ìdí ife, ó nà án sí i. Ó ní, "Mu kọfí rẹ. Ohun tóo bá wá, mo ti fún ọ."

Ọjọ́rú ni yìgì náà, kí Awad tó gbọ́. Abu Mitib kò tíì jáde tán tí bàbá mi fi ń pè mí látinú ìkélé, ó ní ibo ni mo ti rí fún wọn. Mi ò mọ bó ṣe mọ̀ pé èmi ni. Mo dárúkọ ibẹ̀. Ó ní òun ti ṣèlérí ibẹ̀ fún àwọn ará Jámánì, ó wá ní kí àwọn ará Jámánì lọ síbòmíràn, oòrùn kan náà ni.

Ǹjẹ́ kí inú mi dùn, àbí? Láàárọ̀ yìí tí à ń po ìyẹ̀fun, ìyá mi sọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé Hulayil kò kúkú ní ṣe àpọ́n, ọmọbìnrin méjì sì ni bàbá wa bí. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Tamam, inú mi ń dùn sí Wadha, inú sì ń bí mi sí i. Ó jáde, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi sínú. Mo lọ bá bàbá mi níbi tó ti ń pààrọ̀ táyà, mo ní bí Awad bá gbé ife kalẹ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ tó sì dárúkọ èmi ńkọ́?

Kò wo ojú mi. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo lè ṣe irú ẹ̀ sí àbúrò mi. Ká ní iléèwé lo wà, ǹ bá rí nǹkan wí."

Mo ní mi ò sí níléèwé. Ó ní, "Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n Ọjọ́bọ̀ kò tíì dé."

Nítorí náà, jọ̀wọ́. Mi ò fẹ́ràn ilé ìwé, mi ò ní purọ́ fún ọ, ó sì ń tì mí lójú láti jókòó láàárín àwọn ọmọ kékeré. Ṣùgbọ́n bá mi bẹ ìyá rẹ. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, bàbá mi kì í já a níyàn. Bó bá dé síbi yìgì lọ́jọ́ Ọjọ́rú, kó sọ lójú gbogbo èèyàn pé òun ń mú mi lọ sọ́dọ̀ yín ní Aqaba lọ kàwé. Mo lè sùn sílẹ̀ nínú yàrá rẹ, màá sì máa fọ abọ́. Má jẹ́ kó mọ̀ pé èmi ni mo ní kó wí bẹ́ẹ̀. Àbúrò Sayil tó mú ìwé yìí wá á dúró gba èsì. Kọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, mi ò béèrè jù bẹ́ẹ̀.

Bá mi kí bàbá rẹ, bá mi kí àwọn ìbejì, má jẹ́ kí wọ́n ka èyí. Tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ má kó èrò kún ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí ààyè ẹnì kan ṣẹ́kù fún ìgbà tí ẹ bá ń padà.

Èmi ni tìrẹ, tí kò lè jókòó,
Sabha