Aládùúgbò Wa Ni

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo mọ̀ pé èèyàn kì í kọ lẹ́tà sí ẹni tó ti lọ. Bí ẹ bá wà láàyè, ẹ ó ní kí n wá jókòó síwájú yín, kí n fi ẹnu mi sọ ọ́. Ẹnu náà gan-an ló kọ̀. Òun ló dá ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀hún, ojú sì ń tì í títí di òní, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé kálámù.

Mo ti padà sí Ìfọ̀nyìn láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mò ń fọ ojú egbò, mò ń wọn ọmọ tuntun lórí ìwọ̀n, mo sì ń kọ orúkọ aláìsàn sínú ìwé. Àbúrò yín obìnrin tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ wà dáadáa, àfi eékún tó ń dùn ún. Ọ̀pẹ yín lóko wa ní Kò-Kúmólú so gan-an lọ́dún yìí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè gùn ún bíi yín.

Ṣé ẹ rántí èkùrọ́ mẹ́jọ tó máa ń wà nínú àpò ṣòkòtò yín? Bí a bá ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ahéré, ẹ ó tò wọ́n sílẹ̀ níwájú mi, ẹ ó ní irú ọ̀rọ̀ mẹ́jọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní nìyẹn, kò sí ìkẹsàn-án. Ẹ̀gẹ́, ọ̀bẹ, agbọ̀n, ọ̀rọ̀ orúkọ ni wọ́n. Ká bó o, ká rin ín, ká fún un, ká yan án, ọ̀rọ̀ ìṣe nìyẹn. Ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ dà bí ẹ̀gbọ́n tó lọ jókòó sípò bàbá ní ìpàdé. Bí ẹ bá wá dé orí ìkẹjọ, ẹ ó kàn ké “Yéè!” tí ewúrẹ́ á fi sá wọ igbó, nítorí pé òyìnbó ka igbe pàápàá mọ́ ọ̀rọ̀. Mo máa ń rẹ́rìn-ín títí ọ̀bẹ á fi bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹ kò jókòó ní kíláàsì rí. Ojú fèrèsé ilé ìwé kan ní Àgbádárìgì ni ẹ ti kọ́ ọ nígbà ọ̀dọ́, tí ẹ ń gbálẹ̀ níbẹ̀, ẹ sì fi lẹ́ẹ̀dì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ẹlẹ́yìn dúdú yẹn. Ẹ máa ń sọ fún mi pé bí Gẹ̀ẹ́sì bá lọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, kí n kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀ ìṣe. Òun ló ń ṣiṣẹ́ nínú ilé náà, àwọn yòókù kàn ń bá a jẹun ni.

Àwọn ará oko fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ títí nígbà tí ẹ ní ọmọbìnrin yín máa lọ sí ilé ìwé. Ẹ kò dá wọn lóhùn. Ẹ mú mi wá sọ́dọ̀ àbúrò yín, mo sì bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ Faransé la wà, Faransé nìkan ni wọ́n sì gbà ká sọ nínú ọgbà. Ẹni tí Yorùbá bá bọ́ lẹ́nu rẹ̀, pákó kékeré kan tí à ń pè ní sìnyáálì ni wọ́n á gbé kọ́ ọ lọ́rùn. Ibẹ̀ ni yóò wà títí yóò fi gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹlòmíràn, kó tó lè gbé e fún onítọ̀hún. Ẹni tó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí a bá fẹ́ lọ sílé ló máa jẹ ẹgba.

Lọ́jọ́ tí ẹ wá, ọrùn mi ló wà. Ẹ ti gbọ́ pé tíṣà fẹ́ yan àwọn tó máa lọ sí ilé ìwé ńlá ní Àjàṣẹ́, ẹ sì fẹ́ fi ìwé yín hàn án, kó lè rí ohun tí ẹ ti kọ́ mi. Ẹ rìn láti oko. Ẹ wọ kóòtù dúdú tí ẹ mú bọ̀ láti Àgbádárìgì nínú oòrùn yẹn, epo pupa ta sí apá rẹ̀, ẹ ru gàrí, ẹ gbá ìwé mọ́ àyà. Àwọn ẹgbẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà fúnra rẹ̀ gbọ́ Yorùbá dáadáa, kì í kàn sọ ọ́ nínú ọgbà ni. Ó yíjú sí mi, ó bi mí ní Faransé pé ta nìyí.

Ó yẹ kí n kúnlẹ̀. Ọmọ wo ló ń rí bàbá rẹ̀ tí kì í kúnlẹ̀? Mo dúró gbọin, pákó lọ́rùn, mo ní:

“C'est un voisin, monsieur.”

Aládùúgbò wa ni. Bàbá, ohun tí mo sọ nìyẹn.

Ẹ wò mí díẹ̀. Ẹ sọ gàrí kalẹ̀, ẹ ṣí fìlà.

“Tíṣà, ẹ káàsán o. Bàbá rẹ̀ ló ní kí n bá òun gbé gàrí yìí wá fún un.”

Ẹ kò fi oríkì mi pè mí. Ẹ kò ṣí ìwé. Ẹ yí padà, ẹ sì lọ.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi ara mi pé báwo lẹ ṣe mọ̀. Gẹ̀ẹ́sì lẹ gbọ́, ẹ kò gbọ́ Faransé. Mo tan ara mi pé ojú mi lẹ wò tí ẹ fi mọ̀ pé mi ò fẹ́ yín níbẹ̀, pé ọ̀rọ̀ náà gan-an kò dé etí yín. Nígbà ìsinmi, ẹ to èkùrọ́ yín sílẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣé ẹ ń retí kí n bẹ̀ yín ni? Èmi ń retí kí ẹ bínú, kí n lè sunkún. Ẹ kò bínú. Ẹ kò kàn wá sí ilé ìwé mọ́ ni, ẹlòmíràn lẹ ń fi gàrí rán sí mi. Àjàṣẹ́ ni mo wà nígbà tí ikọ́ yẹn gbé yín lọ, kí n sì tó dé, wọ́n ti sin yín.

Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, obìnrin kan gbé ọmọ wá sọ́dọ̀ wa láti òdìkejì ààlà, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Inú ń run ọmọ náà. Ìyá rẹ̀ mú ìgò oògùn kan dání tí wọ́n fún un lọ́jà, ó ní ká bá òun ṣí i kóun fún ọmọ mu. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ sára rẹ̀, ọ̀gá wa kò sì gbọ́ ọ. Èmi náà kò mọ ìdajì ohun tó wà níbẹ̀. Mo bá wá ọ̀rọ̀ ìṣe, bí ẹ ṣe wí. Fífi pa ara ni wọ́n kọ síbẹ̀, ibi kan ṣoṣo tí mímu sì ti jẹ yọ, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu ún ni. Mo gba ìgò náà lọ́wọ́ ìyá ọmọ.

Ọ̀gá yìn mí lójú gbogbo èèyàn, ó bi mí níbi tí mo ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní ilé ìwé ni, ní Àjàṣẹ́. Kò sí pákó lọ́rùn mi lọ́jọ́ yẹn, Bàbá. Kò sẹ́ni tó fẹ́ nà mí. Mo kàn tún sẹ́ yín ni.

Mi ò lè jẹun nígbà tí mo délé. Mo bẹ àbúrò yín pé kó gbé àpótí yín fún mi. Kóòtù wà níbẹ̀, ìwé wà lábẹ́ rẹ̀. Mo rò pé mo mọ ìwé náà tán. Mi ò mọ̀ pé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ti kọ Faransé sí i, lẹ́tà ńláńlá, bíi ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́. Àbúrò yín sọ pé ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ni ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá akọ̀wé kan ní Daagbé. Ẹ ń bá a ro àgbàlá rẹ̀, òun náà ń kọ́ yín, kí ẹ má bàa di àlejò lọ́dọ̀ ọmọ yín. Mo ṣí i dé abẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ. Ìyá, ọmọ, bàbá, ilé. Ó kan aládùúgbò. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀: voisin.

Ẹ gbọ́ ọ. Ẹ gbọ́ ọ ketekete, ẹ sì bá mi ti irọ́ náà lẹ́yìn. Ṣé ẹ jókòó lójú ọ̀nà kí ẹ tó délé? Kí lẹ sọ fún àwọn ará oko tó ń dúró láti gbọ́ bó ṣe lọ? Ojú ń tì mí, Bàbá. Àánú tí ẹ ṣe mí ló tún wá ń dójú tì mí jù.

Láàárọ̀ yìí, kí aláìsàn kankan tó wọlé, mo lọ bá ọ̀gá. Mo ní irọ́ ni mo pa, bàbá mi ló kọ́ mi, àgbẹ̀ ni, Kò-Kúmólú la ti ń bó ẹ̀gẹ́ nígbà tó ń kọ́ mi. Ó ní kò burú, ó ní kí n lọ gbé omi gbígbóná wá. Kò mọ nǹkan kan. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́.

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà báyìí, mo fi àpótí yín ṣe tábìlì. Ìkúnlẹ̀ ọjọ́ yẹn ni, ó kàn pẹ́ ni. Ẹ forí jì mí. Ẹ kì í ṣe aládùúgbò wa. Bàbá mi ni yín.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin.