Iwe Mi Méjèèjì Ti Padà Sẹ́nu Iṣẹ́

Ojúlé Kọkànlá,
Àgídíngbì, Ìkẹjà.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹjọ, ọdún 2001.

Fọláyọ̀ ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ púpọ̀. Mo mọ̀ pé ara rẹ le, torí ẹni tí ara rẹ̀ ò le kò lè kọ irú lẹ́tà tí o kọ sí mi láti Ìlọrin. O ní kí wọ́n yọ kíndìnrín rẹ kan fún mi. Ìyá rẹ kà á létí bẹ́ẹ̀dì mi, ó sunkún. Èmi náà sunkún, àmọ́ ògiri ni mo kọjú sí.

Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí mo ń rà lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ wa, tí mo tún ń fi oògùn ara ríro tì lẹ́yìn, ló dá mi dùbúlẹ̀. Ojú mi wú, ẹsẹ̀ mi wú, ọjọ́ méjì gbáko n kò tọ̀. Wọ́n gbé mi lọ sí ọsibítù, sí yàrá àwọn tí àìsàn wọn le.

Ọmọ Yorùbá ni Dókítà Akínfẹ́nwá tó gbà mí, ṣùgbọ́n Kàdúná ló dàgbà sí. Ó ní, "Bàbá, ìwé yín méjèèjì ò ṣiṣẹ́ mọ́." Ọkàn mi fò lọ sórí ilẹ̀ mi ní Agége. Mo ní irọ́ ni, ìwé mi pé. Mo rán ìyá rẹ lọ sílé, ó gbé odindi àpótí ìwé wá. Nọ́ọ̀sì Fàúsát ló là wá níjà: iwe ni dókítà fẹ́ pè, ìyẹn kíndìnrín. Inú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì kan tí kò ní àmì ohùn ló ti kọ́ ọ.

Ojú tì í. Ó fa ìwé kan yọ nínú àpótí, ó yà á sẹ́yìn rẹ̀ fún mi: iwe méjì, ọ̀kan ní ọ̀tún eegun ẹ̀yìn, ọ̀kan ní òsì, kò ju ìkúùkù mi lọ. Ẹ̀jẹ̀ á wọlé, asẹ́ kéékèèké tí kò lóǹkà á sẹ́ ẹ. Èyí tó wúlò á padà sínú ẹ̀jẹ̀, ìdọ̀tí àti omi tó pọ̀jù á gba páìpù lọ sí àpò ìtọ̀. Mo ní ṣebí iṣẹ́ tèmi náà nìyẹn, ọdún méjìlélógún nídìí bọ́ílà, omi ni mò ń sẹ́.

Ẹ̀rọ tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ wá ṣe adelé fún iwe mi. Ẹ̀jẹ̀ mi ń gba rọ́bà tí wọ́n fi sí mi lọ́rùn jáde, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan kọjá, omi tó wà lódìkejì ń fa ìdọ̀tí rẹ̀, ó sì ń padà sí mi lára. Mo bi Fàúsát léèrè ìgbà tí wọ́n fọ asẹ́ rẹ̀ kẹ́yìn. Ó ní tí n kò bá dákẹ́, òun á so ẹnu mi náà mọ́ ẹ̀rọ.

Dókítà ní iwe mi lè jí, ó sì lè má jí. Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi. Tí kò bá jí, tìrẹ ni wọ́n máa wò. Láràárọ̀ ni gbogbo ayé ń bi mí léèrè ìtọ̀. Pásítọ̀ pàápàá gbàdúrà ìtọ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n sẹ́ ẹ̀jẹ̀ mi lẹ́ẹ̀kẹrin, mo tọ̀. Kò kún ife tíì. Ìyá rẹ gbé e yí wọ́ọ̀dù ká bí ọmọ tuntun. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pọ̀ sí i. Mo ti wà nílé láti ọjọ́ mẹ́wàá, dókítà ní n kò nílò ẹ̀rọ mọ́, kí n sáà jìnnà sí àgbo.

Nítorí náà, Fọláyọ̀, di iwe rẹ méjèèjì mú, kí o sì kọjú mọ́ ìwé rẹ. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ lára rẹ kò ní dáṣẹ́ sílẹ̀. Ọmọ tìrẹ náà á fẹ́ràn rẹ tó báyìí.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń tọ̀ dáadáa,
Job Ọláwọlé.

Àfikún: Ẹ̀yìn ìwé ilẹ̀ ni dókítà ya iwe sí. Ìyá rẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì ilẹ̀ ní Aláúsá lánàá. Akọ̀wé yí i padà, ó bi í pé ta ló gbẹ́ kànga méjì yìí sórí ilẹ̀, tó fa páìpù wọn sínú táǹkì kan ṣoṣo. Ìyá rẹ ní Ọlọ́run ni.