Bàbá Ọmọ Ni Wọ́n Rán Wá Béèrè

Èmi ni mo fi ọwọ́ júwe fún awakọ̀ típà pé kó máa lọ. Ọmọ mi wà nínú yẹ̀pẹ̀ tó gbé. Mo mọ̀, mo sì ní kó máa lọ... Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má bínú pé mi ò kọ orúkọ, mi ò rí ẹni tí mo lè bá sọ ọ́ ní gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó yìí.

Iṣẹ́ bíríkìlà ni mò ń ṣe. Ìjẹ̀bú ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi nítòsí Èbúté Èrò ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé. Ọdún tí ìjọba ní kí ọkọ̀ máa gba apá ọ̀tún títì ni gìrì pa àkọ́bí wa, ọmọ oṣù mẹ́jọ péré. Ìyàwó mi fa ìró àdìrẹ rẹ̀ ya sí méjì, ó ya gba àárín ibi tí áyọ́ọ̀nù ti jó o tó fi òwú pupa rán yí ká, ó fi ìdajì wé ọmọ náà, ó tọ́jú ìdajì kejì. Bàbá Àgbà, ìyẹn ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló gbé òkú ọmọ náà jáde lọ sin. Ẹ ṣáà mọ àṣà wa, bàbá àti ìyá kì í mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ wọn sí. A ò béèrè. Àwọn náà ò sọ.

Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, ìjọba ní àwọn fẹ́ tún pápá ẹ̀yìn ilé wa ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àdúgbò wa, ẹ mọ bí omi gọ́tà ṣe máa ń wọ yàrá tí òjò bá ti rọ̀. Wọ́n ní àwọn máa gbẹ́ táǹkì ńlá sábẹ́ pápá náà, omi ìdọ̀tí á máa rọ́ sínú rẹ̀, ẹ̀rọ á máa fà á lọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á wá da kọnkéré bò ó, wọ́n á gbin koríko, wọ́n á ri òpó góòlù, kí àwọn ọmọ máa gbá bọ́ọ̀lù lórí ẹ̀. Inú mi dùn! Wọ́n fi mí ṣe fóómàn nítorí pé ará àdúgbò ni mí. Ẹnjiníà ní kí n kọ́kọ́ lọ láti ojúlé dé ojúlé, kí n béèrè bóyá ẹnikẹ́ni sin nǹkan síbẹ̀, kí wọ́n lè gbé e kúrò tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Mo béèrè o. Ìyá kan ní ajá òun wà níbẹ̀, a jọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Bàbá Àgbà, wọ́n bi mí pé ṣé kò sí ẹlòmíì tí wọ́n lè rán ni. Mo fi ṣe ẹ̀fẹ̀, mo ní ṣé ojú mi ò jọ ti fóómàn ni. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo fa ìlà sí ilé wa nínú ìwé tí mo mú dání, mo bọ́ sí ojúlé tó kàn... Ṣé ẹ rí i báyìí? Ká ní ẹlòmíì ló béèrè, wọn ì bá sọ. Èmi bàbá ọmọ gan-an ni wọn ò lè sọ fún!

Ọjọ́ kẹta tí katakata ń gbẹ́lẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi fúrúùtù kan tó wà nínú pápá náà, mo rí aṣọ. Ó ti dúdú, ó ti jẹrà, ṣùgbọ́n òwú pupa yẹn... Mo di etí rẹ̀ mú, ó já sí mi lọ́wọ́, ìyókù bá yẹ̀pẹ̀ lọ sínú típà. Awakọ̀ ń fọn fèrè, ẹnjiníà ń wò mí. Mi ò dá ọkọ̀ náà dúró. Ṣé ẹ̀rù ohun tí kò yẹ kí ojú mi rí ni, àbí iṣẹ́ ni mi ò fẹ́ kó dúró? Mo kàn rí i pé ọwọ́ mi gòkè, ó ń ní kó máa lọ. Mo wá awakọ̀ náà rí lẹ́yìn ìyẹn, ó ní irà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń da yẹ̀pẹ̀ sí, òun ò rántí tọjọ́ yẹn.

Omi ò wọ yàrá wa mọ́, kí n má parọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí pápá náà, Bàbá Àgbà dúró síbi tí igi fúrúùtù wà tẹ́lẹ̀, wọ́n ṣí fìlà, omijé ń dà lójú wọn. Wọ́n rò pé ọmọ ṣì wà lábẹ́ ibẹ̀, nínú omi ìdọ̀tí. A wo ara wa, mo gbójú kúrò. Ìyàwó mi ń pàtẹ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní ká ní ọmọ wa wà, ibí ni ì bá ti máa sáré. Omi bọ́ lójú mi, mo ní yẹ̀pẹ̀ ló kó sí mi lójú.

Oyún ìyàwó mi ti pé oṣù mẹ́jọ báyìí. Ó ti gbé ìdajì ìró yẹn jáde, ó ń ṣẹ́ etí rẹ̀, ó ní ìdajì yẹn lòun máa fi gba ọmọ tó ń bọ̀, pé ẹ̀gbọ́n mú ìdajì, àbúrò á mú ìdajì. Èyí tó já sí mi lọ́wọ́ ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó wà nísàlẹ̀ àpótí irinṣẹ́ mi... Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó. Ṣé kí n sọ fún un pẹ̀lú oyún yẹn? Ṣé kí n dúró kó bímọ? Ṣé kí n lọ bá Bàbá Àgbà, kí n ní ọmọ ò sí lábẹ́ omi? Tí wọ́n bá wá bi mí pé ibo ló wà ńkọ́? Ẹ má sọ pé kí n gbàgbé o. Láàárọ̀ yìí, òwú pupa tán lọ́wọ́ ìyàwó mi, ó bi mí bóyá ó wà nínú àpótí irinṣẹ́ mi. Mo wò ó títí. Mo ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀.