Kí Wọ́n Má Gé Bíréèkì Tìrẹ Kéré

Abúlé Olókè,
Ẹ̀yìn Ìsẹ́yìn.

Munirat Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùn. Ṣé ara le? Ṣé Bàrígà ò ni ọ́ lára jù? Kí Ọlọ́run tó jí ọ lónìí máa ṣọ́ ọ nínú ilé àti lójú títì, àmín. Bàbá rẹ ń kí ọ, orúnkún rẹ̀ ti fúyẹ́ díẹ̀. Ewúrẹ́ dúdú ti bímọ, àwọn ọmọ náà ń jẹ ewé ata mi, ojoojúmọ́ la jọ ń jà.

Ohùn rẹ tó wá sínú fóònù lánàá ló mú mi kọ lẹ́tà yìí. Inú bí mi o. Bí o ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo ń dá ọ lóhùn, o ò dákẹ́ kí n fèsì. Nígbà tó wá kan èmi láti sọ̀rọ̀, o panu mọ́. Ìyá Waliyat, ará ilé wa, ní kí n tún un tẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà lo tún ń sọ bíi pé adití ni mí. A ò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti dárí jì ọ́, torí ohùn rẹ dùn mọ́ mi, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ títí iná fi tán nínú fóònù.

O ní ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn irú mọ́tò àtijọ́ kan náà, láti Ladi-Lak dé Ọbaníkòró, ti dáwó jọ láti ra bíréèkì, nítorí ẹni tó ń tà á kì í tà á fún ẹnì kan ṣoṣo. O ní ìwọ ni olórí, àti pé bíréèkì tìrẹ ti jẹ tán, o ò ní lè wálé Iléyá àfi tí ọjà náà bá dé.

Ibẹ̀ ni àyà mi ti já. Àbí èmi ò mọ àjọrà ni? Ọdọọdún la ń dáwó ra màlúù Iléyá níbí, ẹni tó bá kó owó jọ ló sì máa ń mú kẹ́yìn, kí wọ́n má baà ní ó lójúkòkòrò. Bàbá rẹ ṣe olórí lẹ́ẹ̀kan, ọrùn àti pátákò ló gbé wálé. Ìwọ náà, mo mọ̀ ọ́, ojú máa ń tì ọ́ láti mú èyí tó dáa. Wọ́n á gé bíréèkì yẹn, Olúmúyìwá tí o ní ó ń gbé àwọn ọmọ ilé ìwé á mú ibi tó nípọn, àwọn yòókù á ṣa tiwọn, wọ́n á wá já etí rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́. Ṣé etí bíréèkì ló máa dá mọ́tò dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilé wa? Lọ́dún tó kọjá, inú òkìtì pákí mi ló ti rí ibi dúró sí. Ìwọ ń rẹ́rìn-ín, èmi ò rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà yẹn n kò fojú kàn ọ́ mọ́, àárò rẹ sì ń sọ mí gidi.

Mo ti wá ṣe ètò. Àkànó alápatà, tí kò sẹ́ni tó mọ ẹran pín tó o lágbègbè yìí, ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ ní Ọjọ́bọ, Ọbaníkòró ni yóò sọ̀. Ó ń gbé òṣùwọ̀n àti àdá rẹ̀ bọ̀. Kó gé e lọ́gbọọgba, kó sì ya tìrẹ sọ́tọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Mo ti sọ fún un pé irin ni. Ó ní kò burú, òun ti pín màlúù tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Fún un ní owó iyọ̀ àti epo kó bá mi mú un bọ̀. Má fi owó gba báńkì mọ́. Owó tí ọmọbìnrin ibẹ̀ kó fún mi gbó, o ò sì lè fi owó gbígbó ránṣẹ́ sí mi láéláé, ó dájú pé wọ́n ti pààrọ̀ tìrẹ.

N kò fún Àkànó lówó ọkọ̀ àbọ̀. Mo ní inú mọ́tò rẹ ni kó jókòó sí wálé. Òun nìkan ló ń dúńbú màlúù fún wa, nítorí náà gbogbo abúlé ló ń retí rẹ báyìí, kì í ṣe èmi nìkan.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí mọ́tò rẹ máa dúró níbi tí o bá ti ní kó dúró. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ gbé ọ délé.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ.