Bí A Ṣe Dá Ọṣẹ Padà Nítorí Ìyá Rẹ

Òfin, Ṣàgámù,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹfà, 1982.

Modúpẹ́ ọmọ mi,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run máa bá ọ gbé ní Èkó tí o wà yẹn, níbi tí mo gbọ́ pé omi ti wọ́n ju ariwo lọ. Ṣé ara rẹ le? Ṣé ọmọ ti ń rìn? Ṣé bàbá rẹ̀ náà ń jẹun dáadáa? Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ tí a kò sí níbẹ̀ láti kí yín. Ọlọ́run tó dá ẹnu mọ́ ènìyàn kò ní jẹ́ kí ẹnu ayé rí ọ̀nà wọ ilé rẹ. Tiwa níbí, ọpẹ́ ni. Ẹsẹ̀ tó ń dùn mí ti fúyẹ́, ewúrẹ́ funfun bí ìbejì, àbúrò rẹ Àbẹ̀bí náà sì ti ń jẹun padà.

O ní kí n ròyìn ọ̀rọ̀ rédíò yẹn fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé àbọ̀ àbọ̀ lo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn awakọ̀. Wá àga jókòó, kí o gbé ọmọ sílẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà gùn.

O mọ rédíò tí ọkọ rẹ gbé wá fún mi nígbà Iléyá. Mo máa ń gbé e sórí àpótí lẹ́bàá fèrèsé láràárọ̀, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Afọláyan ló sì máa ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. Bó bá ti ní ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ará ilé, èmi náà á dá a lóhùn, màá sì bèèrè ìyàwó rẹ̀. N kì í jẹun lójú rẹ̀ láìkọ́kọ́ ní kó wá jẹun, nítorí pé inú ilé mi ló ti ń sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ a máa fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní ọkùnrin náà kò rí mi. Mo ní, bí kò bá rí mi, ta ló wá ń kí? Bó bá sì sọ̀rọ̀ díẹ̀, obìnrin kan á gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, á máa kọrin ọṣẹ Àrànṣe, pé òun ló ń sọ aṣọ àkísà di aṣọ ìyàwó. Mo mọ̀ pé ìyàwó rẹ̀ nìyẹn, nítorí pé ta ni ọkùnrin ń jẹ́ kó já lu ọ̀rọ̀ òun bẹ́ẹ̀ bí kì í ṣe ìyàwó ilé?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Afọláyan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ìgbéyàwó. Ó ní kí àwọn ọkọ ilẹ̀ Rẹ́mọ la ojú wọn. Ó ní obìnrin tó bá fi ọkọ sílẹ̀ nílé, tó gbé obì lọ sí Kánò, ohun tó ń tà lọ́hùn-ún ju obì lọ. Ó wá rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín pẹ́ títí. Ẹ̀rín náà kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ọṣẹ. Mo káàánú obìnrin náà, mo ní kò mọ ohun tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹnu rẹ̀ sọ.

Ìyá rẹ wà ní ẹ̀gbẹ́ mi, ó ń to obì sínú agbọ̀n, ó ń fi ewé bò ó, nítorí pé ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ rẹ̀ máa gbéra. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó gbé obì kan sókè, ó ń wò ó bí ẹni pé kò rí irú rẹ̀ rí. Nígbà tó yá, ó jù ú sínú agbọ̀n, ó dìde, ó wọ yàrá, ó sì ti ìlẹ̀kùn.

Èmi ni mo kojú Afọláyan. Mo ní, ìwọ ọmọ yìí, ìwọ tí mo ń pè jẹun láràárọ̀? Mo ní kó dọ̀bálẹ̀ kíákíá. Kò dá mi lóhùn, orin ló ń kọ. Inú bí mi, mo yọ gbogbo òkúta inú rédíò náà kí ebi lè pa á, mo sì dojú rẹ̀ kọ ògiri.

Ní ọjọ́ kejì mo wọ agbádá, mo di obì sínú aṣọ ìnujú, mo gba ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ láti bá àwọn ẹbí Afọláyan ní iléeṣẹ́ rédíò tó wà ní Ìbàdàn sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù. Akọ̀wé ibẹ̀ fún mi ní nǹkan dúdú kan, ó ní kí n fi sétí, ó ní họ́ọ̀dù ọ́n. Mo bi ẹni tó wà lẹ́yìn mi ohun tó wí, ó ní kí n dì í mú ni. Mo dì í mú tọwọ́ méjèèjì títí apá fi ń ro mí, kó má baà já bọ́ lọ́wọ́ mi sí Ìbàdàn. Nígbà tí obìnrin kan dáhùn, mo ṣí fìlà, mo ní èmi ni Yúnúsà ará Òfin, ẹjọ́ ìyàwó mi Ìdíátù ni mo bá wá, obì sì wà lọ́wọ́ mi. Ó ní òun kò mọ Ìdíátù. Mo ní ẹ̀yin kò mọ̀ ọ́n, ẹ sì ti bà á lórúkọ jẹ́ dé Kánò? Ni mo bá gbọ́ ‘gbà!’, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́.

Modúpẹ́, lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Àwọn ọmọ páàkì sọ ọ́ di orúkọ. Bí oníṣòwò obì kan bá ń kọjá, wọ́n á ní, ẹ kú ọjà o, Ìyá Ju-Obì-Lọ. Lásúnkànmí tó wà ní ojúlé kejì sí wa gba agbọ̀n lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó tì í mọ́ inú yàrá. Ìyá rẹ kò lọ sí Kánò ní ọ̀sẹ̀ yẹn, kò lọ ní èyí tó tẹ̀lé e, obì rẹ̀ sì ń rọ. Ó ní òun kò ní ojú tí òun máa fi gba páàkì kọjá. Obìnrin tó ti ń rìnrìn àjò yẹn láti ìgbà tí o wà lẹ́yìn rẹ̀!

Bí ẹni pé ìyẹn kò tó, bàbá Kàmọ́rù, ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ Àbẹ̀bí, mú àgbààgbà méjì wá. Wọ́n ní kí a sún ọjọ́ ìyàwó síwájú ná, kí atẹ́gùn ọ̀rọ̀ yìí fẹ́ kọjá. Mo ní kò burú. Ọ̀kan nínú wọn wá ní kí n má bínú o, ta ló máa ń sin Ìdíátù lọ sí Kánò?

Mo ní kí wọ́n wo òkè. Wọ́n wòkè. Mo ní páànù tí ẹ ń wò yẹn, obì Kánò ni. Mo ní àga tí ẹ jókòó lé, obì Kánò ni. Mo ní Modúpẹ́ tó ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì l'Ékòó, obì Kánò ló fi kàwé. Mo ní nígbà tí wọ́n la inú mi ní ọsibítù, tí gbogbo yín wá ń wò mí bí ẹni tó ń lọ, obì Kánò ló san án. Mo ní lóòótọ́, ohun tí Ìdíátù ń mú bọ̀ láti Kánò ju owó obì lọ, nítorí pé ẹ̀mí mi wà nínú rẹ̀. Wọ́n dìde láìfọwọ́ kan ìkọ́kọrẹ́ tí Àbẹ̀bí sè, Àbẹ̀bí sì sunkún sùn.

Ìgbà náà ni lẹ́tà rẹ wọlé. O ní kí n yéé bá rédíò jà. O ní àwọn oníléeṣẹ́ ọṣẹ Àrànṣe ló ń sanwó kí Afọláyan tó lè rí ibi sọ̀rọ̀, pé ọjọ́ tí wọ́n bá yọwọ́, ẹnu rẹ̀ pa. Ó wá yé mi pé ọṣẹ ni bàbá rẹ̀. Bí ọmọ bá bú ni, ṣebí ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ là ń lọ? Mo kà á sókè létí ìyá rẹ. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà, ó ní, ta ló ń ra ọṣẹ náà? Mo ní àwa ni. Ó ní, a jẹ́ pé àwa là ń san owó fún un kó lè máa bú wa.

Ọmọ mi, bó ti sọ bẹ́ẹ̀ ló dìde. Ó wé gèlè, ó jáde, ó sì gba àárín páàkì gan-an kọjá lọ sí ọjà obì.

Ohun tó bá àwọn obìnrin sọ lọ́hùn-ún, n kò gbọ́, nítorí pé wọ́n lé àwa ọkùnrin. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Fúráìdé, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo rí wọn tí wọ́n ń tò bọ̀. Wọn kò pariwo, wọn kò fọ́ nǹkan kan. Kálukú mú ọṣẹ Àrànṣe tó wà nílé rẹ̀ dání, wọ́n ń kó o lélẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù Olúsànyà tó ń bá iléeṣẹ́ náà tà á. Tíṣà kan láti Ìkẹ́nnẹ́, Ìyáàfin Olúkẹ́mi, kó àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sínú bọ́ọ̀sì wá, ó ní ẹnu tó bú alóbì lónìí yóò bú tíṣà lọ́la. Èmi náà mú tèmi wá, èyí tó kù bí èékánná, tí irun àgbọ̀n mi ṣì lẹ̀ mọ́. Òkìtì ọṣẹ náà ga dé àyà mi.

Olúsànyà jáde, ó ń làágùn, ó ní ẹ jọ̀ọ́, kí ni òun ṣe? Ìyá rẹ kúnlẹ̀ kí i, ó ní, a kò bá yín jà o. Ẹ bá wa sọ fún àwọn tó ń gbé e fún yín pé a kò lè máa fi ọṣẹ wọn fọ aṣọ, kí ẹnu wọn tún máa ta ẹrẹ̀ sí i.

Òjò sì dé! Òjò ńlá. Gbogbo òkìtì náà bẹ̀rẹ̀ sí í hó, omi ọṣẹ funfun ń ṣàn gba gọ́tà Òfin lọ bí ẹni pé ilẹ̀ ń wẹ̀. Kò sí gọ́tà tó mọ́ tó tiwa ní gbogbo ilẹ̀ Rẹ́mọ lọ́jọ́ náà.

Èyí tí ìwọ ṣe ní tìrẹ, mo ti gbọ́. Mo gbọ́ pé ìwọ àti àwọn obìnrin ọ́fíìsì yín lọ sí iléeṣẹ́ ọṣẹ náà, pé wọ́n jẹ́ kí ẹ dúró sínú oòrùn, pé ọ̀gá rẹ ní òun máa dá ọ dúró lẹ́nu iṣẹ́, o sì ní kó dá ọ dúró, pé ìyá rẹ lo wá jà fún. N kò mọ bí ènìyàn ṣe ń dúpẹ́ irú rẹ̀. Mo sunkún, mo sọ fún àwọn ará ilé pé èéfín ni.

Ọṣẹ yọwọ́. Nígbà tí mílíìkì inú agolo, tó ń bá ọṣẹ sanwó fún un, rí i pé ọṣẹ yọwọ́, òun náà yọwọ́. Afọláyan wá di ọmọ òrukàn. Ni wọ́n bá fi ọkọ̀ gbé òun àti ọ̀gá oníọṣẹ wá sí ọjà obì. Mo rò pé ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ tó yẹn yóò ga, yóò sì sanra, àmọ́ ó tín-ín-rín bí ẹyọ ìgbálẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní àwàdà ni òun ń ṣe. Ìyá rẹ bi í bóyá ó ti dé Kánò rí. Ó ní rárá. Ìyá rẹ wá sọ fún un bí wọ́n ṣe ń sùn lórí agbọ̀n nínú ọyẹ́, àti bí ìyá Fábíyìí tó jẹ́ ọ̀kan lára wọn ṣe bímọ lẹ́bàá títì ní Jẹ́bà, tí àwọn obìnrin fi aṣọ ara wọn ká a mọ́. Ó ní, nínú èyí, èwo ni àwàdà? Ọkùnrin náà ní kò sí o, kí wọ́n forí ji òun. Ìyá rẹ ní, dìde, a ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí o ti sọ ọ́ ni kí o ti kó o. Èmi fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo bèèrè ìyàwó rẹ̀ tó ń kọrin ọṣẹ, ó ní kì í ṣe ìyàwó òun. Ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú, mo dákẹ́, kí n má baà tú ilé onílé ká.

Bàbá Kàmọ́rù ti padà wá. Ó bẹ ìyá rẹ, ó sì jẹun lọ́tẹ̀ yìí, ó jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀ ni ìyàwó.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni Afọláyan tọrọ àforíjì nínú rédíò. Ilé kún, Lásúnkànmí náà wá, ó jókòó sẹ́yìn. Mo wá ìyá rẹ títí, n kò rí i. Mo sáré dé páàkì, mo bá a lókè ọkọ̀ lórí agbọ̀n obì rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ páàkì ń bá a gbé èyí tó kù sókè, ó ń pè é ní Ìyá, Ìyá lásán. Mo ní, Ìdíátù, sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fẹ́ bẹ̀ ọ́ lójú gbogbo ayé! Ó ní kí n bá òun gbọ́ ọ. Ó ní òun kò lè torí pé rédíò fẹ́ sọ fún òun pé ọmọlúàbí ni òun, kí òun pàdánù ọkọ̀ Kánò.

Modúpẹ́, ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ kò pọ̀. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún aṣọ tí n máa wọ̀ sí ìyàwó Àbẹ̀bí. Má gba báńkì o. Èyí tí mo kó fún wọn níjọ́sí, mo fi èédú sàmì sí i, nígbà tí mo lọ gbà á, owó ẹlòmíì ni wọ́n kó fún mi. Fi rán ẹni tí o mọ̀.

Ọlọ́run yóò dá iṣẹ́ rẹ sí. Ọjọ́ tí ayé bá fẹ́ fi ẹnu ba tìrẹ jẹ́, o kò ní wá ẹni tó máa dìde tì. Ọmọ tí o gbé jó yóò dúró sínú oòrùn fún ọ. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Yúnúsà.