Windows Tí Mo Mú Sùn

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Dáre wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lónìí, inú mi ò sì tíì rọ̀.

Ọ̀gá kan náà ló kọ́ àwa méjèèjì ní kọ̀ǹpútà, èmi ni mo sì kọ́kọ́ gba òmìnira. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Dáre ti fi Linux, ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà, sí ẹ̀gbẹ́ Windows nínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, ìyìn rẹ̀ ò kúrò lẹ́nu gbogbo ìlú Mahintedo. Èmi náà fi Linux sínú tèmi lánàá.

Tíṣà obìnrin kan wọkọ̀ wá láti Zion Pepe, kí n ṣàtúnṣe ìbéèrè ìdánwò tí mo ti tẹ̀ fún un lórí Windows. Linux ni mo ṣí, kó lè mọ̀ pé kì í ṣe Dáre nìkan ló mọ̀ ọ́n lò. Mo ṣàtúnṣe tán, kọ̀ǹpútà ò gbà kí n fi iṣẹ́ náà pamọ́ síbi tó wà tẹ́lẹ̀ lọ́dọ̀ Windows. Ọkọ̀ ti fẹ́ lọ. Tíṣà fúnra rẹ̀ ló pe Dáre.

Dáre dé, ó wo kọ̀ǹpútà náà fìrí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò pa Windows yìí o, ẹ kàn mú un sùn ni. Ẹni tó tilẹ̀kùn sùn, báwo lẹ ṣe fẹ́ kẹ́rù wọ yàrá rẹ̀?"

Òótọ́ ni. Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, kó lè tètè jí, kí epo jẹnẹrétọ̀ má baà ṣòfò.

Ó fi iṣẹ́ náà pamọ́ sọ́dọ̀ Linux ná, ó jí Windows, ó pa á pátápátá, ó padà sí Linux, iṣẹ́ náà sì wọlé. Ìṣẹ́jú méje péré.

Tíṣà nawọ́ owó sí i. Dáre ní, "Ẹ fún ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ wọn ni."

Ká ní ó gbà á ni, ǹ bá rí ohun tí mo lè torí rẹ̀ bú u.