Alhaja Sàfúrátù Àmọ̀kẹ́ Ọlátẹ́jú: Mínísítà Tí Kò Jókòó Nígbà Tí Ìyá Wà Lórí Ìdúró

Ní ọdún 1950 ni a bí Màmá wa ní Ẹ̀jìgbò, sínú ìdílé Alhaji Yésúfù Àdìsá, oníṣòwò aṣọ tí ń ná Àbíjáǹ, àti Hàlímàt, ọmọ àgbẹ̀ oníṣu láti ìlú Ọlá.

Màmá kà dé ìwé mẹ́fà nílé. Ní 1963, bàbá wọn mú wọn lọ sí Àbíjáǹ, sọ́dọ̀ Ìyá Fàòsíyà, ará Ẹ̀jìgbò tí ń ta abọ́ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bá Fàòsíyà, ọmọ ìyá náà, dàgbà, tí wọ́n ti gbọ́ Faransé, tí wọ́n sì ti kọ́ bí a ṣe ń bu ọlá fún àgbà.

Ní 1974, wọ́n padà wálé, wọ́n fẹ́ Alhaji Jamaldeen Ọlátẹ́jú, tíṣà láti ìlú Ara. Ní 1976, nítorí Faransé tí wọ́n gbọ́, wọ́n wọ iṣẹ́ ìjọba ní ẹ̀ka ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Nígbà tí ó yá, wọ́n di Mínísítà ibẹ̀, wọ́n di ẹnu tí Nàìjíríà fi ń bá ayé sọ̀rọ̀.

Nígbà náà ni ìjà ọjà bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú kan ní Côte d'Ivoire. Àwọn onílé ibẹ̀ ti ìsọ̀ àwọn ènìyàn wa pa. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n lé wọn wálé. Màmá gbéra lọ síbẹ̀. Ní gbọ̀ngàn ìpàdé, àga wà fún àwọn ìjòyè, ṣùgbọ́n àwọn ìyá ọlọ́jà wà lórí ìdúró lẹ́nu ọ̀nà, Ìyá Fàòsíyà tí wọ́n ti Àbíjáǹ wá láàárín wọn, tòun ti ọ̀pá. Màmá kò jókòó. Akọ̀wé wọn rọra sọ fún wọn pé gbogbo ènìyàn ń wò wọ́n. Màmá ní, "Kí n jókòó, kí ìyá yìí dúró? Ojú wo ni mo fẹ́ fi wọ Ẹ̀jìgbò?"

Bí àlejò kò ti jókòó, onílé náà kò lè jókòó. Gbogbo wọn dúró títí àga fi dé fún àwọn ìyá. Nígbà náà ni Ìyá Fàòsíyà ní, "Ó tó, Àmọ̀kẹ́. Jókòó, kí o bá wa sọ̀rọ̀."

Ẹnu àwọn ìyá náà ni àwọn onílé ti gbọ́ bí ìjà ṣe bẹ̀rẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti parí ìjà náà, ìsọ̀ sì ti ṣí.

Màmá lọ sí Mẹ́kà ní 1998. Wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí Ọlá, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Kùránì nílé títí ọlọ́jọ́ fi dé ní 2025.

Irfan, Àìṣát àti Hàmídátù ni ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ọmọ-ọmọ, àti Fàòsíyà tí wọ́n jọ dàgbà, tí ó wá láti Àbíjáǹ.

Àmọ̀kẹ́, ọmọ Ẹ̀jìgbò Ògìyán, níbi fídáù yín lónìí, àwa la wà lórí ìdúró. Kí Ọlọ́run tẹ́ àga yín sí Alijánnà. Ẹ jókòó, Màmá. Ó tó.